Ọjọ́ Wo Ni Ọjọ́ Àwọn Àgbà ní Hẹ́ẹ̀tì Sẹ́ńtà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ọmọ ìlú ní Sátidé sílẹ̀ torí àwọn tí ò ráyè wá, òun náà rèé, bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, abúlé ìhà Ìbàràpá ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Tẹ́ ẹ bá wọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́hùn-ún, ẹ wo ara ògiri, ẹ máa rí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ máa rí ọjọ́ aláboyún. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ọjọ́ àgbàlagbà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn o. Láyé ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ń ṣe mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, àwọn ọmọdé ló ń kú, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, èéyi ń pa wọ́n, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbájú mọ́ ìyá àti ọmọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń pọnmọ wá bá wa nígbà yẹn, wọ́n ti ń sún mọ́ 70 báyìí, àwọn míì ti kọjá ẹ̀, ilé tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó yẹn ò wá ní nǹkan kan fún wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í dunni, ibi tí ìjà wà nìyẹn. Bàbá kan wà tí mo máa ń yà kí, ó ń gé oògùn ẹ̀ sí méjì kó lè tó o di ìgbà tí ọmọ ẹ̀ máa fowó ránṣẹ́, torí owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ sí kẹ́mísìtì ju owó oògùn fúnra ẹ̀ lọ, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Nígbà tó yá ó pa á tì pátápátá. Ó ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, ara mi le, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?" Rọpá-rọsẹ̀ ló gbé e ṣubú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kò sí ibi ìtọ́jú àgbàlagbà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ni. Ó wà, látọdún 2012, wọ́n ń ṣe dáadáa. Àmọ́ ìyá tí orúnkún ò jẹ́ kó lè gun ọ̀kadà, ta ló máa sìn ín lọ ní ìdájí, ta ló máa bá a tò fún káàdì? Ọmọ-ọmọ tó yẹ kó wà ní súkúù ni.

Òfin náà wà. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé dandan ni fún gbogbo èèyàn, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí ìjọba yóò ràn lọ́wọ́. Ẹ wá wò ó, tí wọ́n bá fẹ́ gba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún un, fún àgbẹ̀ tó ti lo ọkọ́ fún àádọ́ta ọdún, ẹ̀rọ ò rí ìlà ìka ẹ̀ kà, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ó máa padà wá?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ọjọ́ kan lọ, kó sì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ọjà wa ọlọ́rọọrún ni, ọjọ́ yẹn ni mọ́tò máa ń wọ abúlé, àwọn ìyá àgbà á ti tẹ̀ lé ẹrù gaàrí wọn wá, kí nọ́ọ̀sì gbé tábìlì kan sábẹ́ igi, kó wọn BP wọn, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí, kó fún wọn ní oògùn oṣù kan. Ẹ̀yin ọmọ tó wà l'Ékòó àti l'ókè òkun, tẹ́ ẹ bá pè sílé, ẹ má kàn béèrè pé ṣé ara le, torí "a dúpẹ́" ni wọ́n máa dáhùn. Ẹ béèrè pé oògùn ku mélòó nínú páálí.

Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i pé ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ BP méjì la ní, ọ̀kan ò ní bátìrì, ẹni tó bá lè rà á kó bá mi mú un wá.