Ẹsẹ̀ Tí Ọmọdé Gbà Gbọ́

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò bẹ̀ mí ní ìpolówó. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Títún ọ̀kadà ṣe ni ó fi ń jẹun. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò bọ́ sórí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Àró, àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Kóòṣì yóò sì tú jáde lọ bá a.

Kì í fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sókè, láti ẹsẹ̀ ọ̀tún sí òsì, láti orúnkún sí èjìká, yóò gbà á sí ẹ̀yìn ọrùn, yóò jókòó pẹ̀lú rẹ̀, yóò tún dìde, bọ́ọ̀lù kò sì ní kanlẹ̀. Àwọn tí ń ti ara wọn kiri yóò dákẹ́. Ìgbà náà ni yóò wá béèrè pé ta ni kò lọ sí ilé ìwé láàárọ̀.

Mo mọ àwọn bàbá tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí títí tí ẹnu fi ń ro wọ́n, tí ọmọ wọn kò gbọ́. Ọmọ ọdún 14 ti gbà pé iṣẹ́ òbí àti olùkọ́ ni láti máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń gbìyànjú lẹ́yìnkùlé tí kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ní ìwúwo lójú rẹ̀. Ó mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ òun, nítorí náà ó mọ ohun tí kóòṣì ti fara dà kí ó tó mọ̀ ọ́n gbá. Fẹ́lẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù rọ́bà tí afẹ́fẹ́ lásán lè gbé lọ. Bọ́ọ̀lù tí òfin ìdíje fọwọ́ sí wúwo tó gíráàmù 410 sí 450, ẹni tí ó bá sì ti kápá fẹ́lẹ́lẹ́ kì í pẹ́ kápá ìyẹn.

Agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un yìí gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù, nítorí ó ṣeé tà. Ẹni tí ọmọdé gbà gbọ́ tó báyìí, tí ejẹ́ńtì kan bá bá a sọ̀rọ̀ pé òun yóò mú ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ìyá ọmọ náà ta ilẹ̀. Òfin FIFA kò gba kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi nínú ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ń kọ́? Láti ìgbà ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ tí Nàìjíríà gbàlejò ní 2009 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ MRI, tí ó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Bọ̀ọ̀dá Kóòṣì ní ìwé kan tí ó ń kọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ dé, ní ojú òbí rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni padà wá yọ ọdún kan kúrò níbẹ̀.

Kí wá ni àwa tí a wà lókè òkun ń bi í léèrè? Èwo nínú wọn ni ó ti dé Yúróòpù? A kì í tilẹ̀ béèrè èyí tí ó ti wọ Sunshine Stars, ẹgbẹ́ Àkúrẹ́ tiwa tí ó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2012. Ní Manchester, níbi tí mo ti ń ran ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ mi wò bóyá mo ti hu ìwà ọ̀daràn rí, kí wọ́n tó jẹ́ kí n dúró ti ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá ọmọ kan yóò di olówó. Lójú tèmi, ìbéèrè wa ni ó ń ti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ́wọ́ ejẹ́ńtì.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ti owó, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ láti ìgbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 títí di ọmọ ọdún 23. Ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó lè gba tirẹ̀, tiwọn ní Òkè-Àró kò sì tíì forúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo bi Bọ̀ọ̀dá Kóòṣì ní ohun tí kí n fi ránṣẹ́, kò béèrè jẹ́sì. Ó ní òun fẹ́ àgbàlagbà kejì lórí pápá, kí ó má baà jẹ́ òun nìkan ni yóò máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, àti ẹni tí yóò máa kọ́ wọn ní ìṣirò fún wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ti gbà láti kọ́ wọn ní ìṣirò. Àgbàlagbà kejì àti agbẹjọ́rò tí yóò bá wọn ṣe ìforúkọsílẹ̀ ni ó kù. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ènìyàn ní Àkúrẹ́, ẹ bá mi wá wọn.