Kẹ́ Ẹ Tó Wọ Bàálù Lọ sí Ṣáínà Nítorí Ẹ̀yìn Ríro

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Màmá tó ń yan gààrì láti ìdájí, bàbá tó ń ro oko gbágùúdá, ọlọ́kadà, awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́, gbogbo wa la mọ ẹ̀yìn ríro. Àbóníkì wà lábẹ́ ìrọ̀rí, àgbo wà nínú ìgò, oògùn ara ríro láti kẹ́míìsì wà nínú báàgì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò bá ràn án mọ́, ọmọ tó ń ra ọjà ní Guangzhou á wá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù: "Màámi, ẹ jẹ́ n ṣètò físà yín. Àwọn ará Ṣáínà ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń gún. Ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó parí."

Màmá yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ọmọ tó fẹ́ san owó náà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n "lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó parí" yẹn, irọ́ ni, òun ló sì ń ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó.

Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́rẹ́ náà. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sì ní ihò. Bí ó ṣe nípọn tó kì í sábà ju mìlímítà 0.35 lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún wa ní ìdí lè tó 0.8. Acupuncture ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà káàkiri àgbáyé. Oníṣègùn á ní kẹ́ ẹ yọ ahọ́n kóun wò ó, á di ọrùn ọwọ́ yín mú láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù níbẹ̀, á béèrè nípa oorun, ìgbẹ́ àti oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni á gún abẹ́rẹ́ mélòó kan, á sì fi wọ́n sílẹ̀ lára yín fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ibi tó ń dùn yín nìkan ni wọ́n ń gún o. Ẹ̀yìn lè máa ro yín kí wọ́n gún yín ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn orúnkún. Bí ibẹ̀ bá wúwo, tó ń ta yín wẹ́wẹ́, wọ́n á ní ó ti dáa, wọ́n ń pe ìyẹn ní de qi.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé agbára kan tó ń jẹ́ qi ń ṣàn nínú ara, ní ipa ọ̀nà gbòógì méjìlá, àti pé ibi tí ọ̀nà bá ti dí ni ìrora ti ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to ojú ibi tí wọ́n lè gún sínú ìwé, ó jẹ́ 361. Kò tíì sí ẹni tó la òkú tó sì fi ojú rí ọ̀nà qi náà. Ohun tí àwọn oníwàádìí rí ni pé abẹ́rẹ́ ń ta iṣan jí, ara á sì tú oògùn ìrora tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní endorphin. Ẹ tún fi èyí kún un: kí màmá tó ń yan gààrì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má pè é, kí oníbàárà má dé, ìtọ́jú ńlá ni ìyẹn nìkan.

Wọ́n tún ní ìwọ́ra tí wọ́n ń pè ní tuina, ewé gbígbẹ tí wọ́n ń jó nítòsí awọ ara, àti ife tí wọ́n ń fi iná gbóná kí wọ́n tó dé e mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ híjámà kò ní ṣe àjèjì sí ife yẹn. Ní 2010, UNESCO fi abẹ́rẹ́ àti ewé jíjó náà sára àwọn àjogúnbá àgbáyé. Àṣà ni wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ o. Wọn ò sọ pé ó ń wo ẹ̀yìn sàn.

Ṣé ó ń wò ó sàn? Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀.

Ní Jámánì, wọ́n kó èèyàn 1,162 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn ríro ti di bárakú fún. Èsì iṣẹ́ náà jáde ní 2007. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí. Wọ́n gún àwọn kan níbi tí ìlànà Ṣáínà là sílẹ̀. Wọ́n gún àwọn kejì níbi tí kò kan ìlànà kankan, wọn ò sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọlé púpọ̀. Àwọn kẹta gba ìtọ́jú ọsibítù: oògùn, fisiotẹ́rápì, eré ìdárayá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gún bó ṣe yẹ, nǹkan bí 48 ni ara tù. Nínú àwọn tí wọ́n kàn gún ṣáá, 44. Nínú àwọn ti ọsibítù, 27.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún èyí rò. Gígún ran èèyàn lọ́wọ́, ó tiẹ̀ ju oògùn àti fisiotẹ́rápì lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àfi ọ̀gá báyìí, ní ìlú báyìí, ló mọ ojú ibi tí ìrora yín fara pamọ́ sí, ọjà ló ń tà. Ẹ má sì gbàgbé pé lára àwọn tí wọ́n gún dáadáa pàápàá, ó lé ní ìdajì tí kò rí ìtura tí wọ́n ń wá.

Àwọn àgbà dókítà fúnra wọn kò fẹnu kò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, àjọ tó ń la ìlànà sílẹ̀ fún wọn, sọ ní 2016 pé kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ yìí tọ́jú ẹ̀yìn ríro. Ní 2021, àjọ kan náà ní wọ́n lè dán an wò fún ìrora tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọn ò rí àìsàn mìíràn tó fà á. Ní Amẹ́ríkà, láti 2020, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà ń san owó rẹ̀ fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́: ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bó bá ń ran aláìsàn, wọ́n á fi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kún un. Bí kò bá ràn án, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ẹ̀ẹ̀méjìlá, oṣù mẹ́ta. Ní Jámánì, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn tó ń ràn díẹ̀ tún gba márùn-ún sí i. Ní Ṣáínà gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìpele kan, òmíràn sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé èèyàn kì í ro oko gbágùúdá lẹ́ẹ̀kan kó gbàgbé ẹ̀ títí di ìgbà ìkórè. Koríko á tún hù, ẹ ó tún ro ó. Bí ìrora tó ti di bárakú ṣe rí nìyẹn. Ta ló wá ń fi bàálù lọ ro oko? Màmá lè gba ìpele kan ní Guangzhou, kí ara tù ú lóòótọ́, kó padà délé, kó tún jókòó ti agbada gààrì lórí àpótí kúkurú yẹn. Bí ìrora bá dé lóṣù kẹrin, ta ni yóò gún un? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ọmọ dáhùn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ yìí wà ní Nàìjíríà, pàápàá ní Èkó àti Abuja, àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ dókítà tàbí onífisiotẹ́rápì tó kọ́ ọ kún iṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ojú yín ni wọ́n ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun.

Ohun tó tilẹ̀ ṣáájú gbogbo èyí ni kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ro yín. Ọsibítù olùkọ́ni méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: ti LAUTECH, àti ti Bowen, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist. Ẹ lọ ya X-ray, kí dókítà yẹ̀ yín wò. Ikọ́ ife máa ń wọ inú egungun ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ próstéètì lára bàbá àgbàlagbà lè jẹ́ ẹ̀yìn ríro ni yóò kọ́kọ́ fi hàn. Ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde tí ìbàdí ń dùn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan rẹ̀ mọ́, kí egungun náà máa kú díẹ̀díẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ Ṣáínà tó lè jí i. Bí ìrora bá ń jí yín lóru, tẹ́ ẹ ń rù láìnídìí, tí ibà ń ṣe yín lálaalẹ́, tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tẹ́ ò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ físà ná. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku ewé àti egbò. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ohun tó bá ti inú ilẹ̀ wá kì í pa èèyàn. Fuzi, egbò kan tí wọ́n ń lò fún ìrora eegun, májèlé ni bí wọn ò bá sè é kí oró rẹ̀ kúrò. Ọkàn ló ń mú. Lei gong teng, tí wọ́n ń fún àwọn tí oríkèé ara wọn wú, lè ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́. Ẹni tó ṣì ń retí ọmọ, ẹ gbọ́ o. Danshen, egbò mìíràn, kò gbọdọ̀ pàdé warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún lo oògùn tó ń dín ara kù, kíndìnrín wọn bàjẹ́, nítorí pé wọ́n fi egbò kan rọ́pò òmíràn. Orúkọ egbò méjèèjì jọra: fang ji.

Kì í ṣe pé kò sí oògùn gidi nínú ewé wọn. Oògùn ibà tẹ́ ẹ ń rà, tí wọ́n kọ artemether-lumefantrine sára páálí rẹ̀, ọ̀dọ̀ ewé qinghao ti Ṣáínà ló ti ṣẹ̀ wá. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn ní Beijing, rí i nínú ìwé tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn pé kí wọ́n rẹ ewé náà sómi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Ge Hong kò ní kí wọ́n sè é. Obìnrin náà wá rò ó pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó wá ọ̀nà tí kò gbóná láti yọ ọ́, ní 1971 ó sì pa kòkòrò ibà lára eku. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ewé tí wọ́n ti dán wò tó bẹ́ẹ̀ ni mo máa fọkàn tán. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó bá ti ní ohun mìíràn tó ń lọ ṣe lọ́hùn-ún, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ tó sì lè pẹ́ díẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ó lè dán an wò, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wọlé tẹ́lẹ̀. Abuja tàbí Èkó lẹ ó ti gba físà. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé láti ọsibítù tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ ń lọ ṣe gan-an. Ní Guangzhou, ọsibítù ìjọba ńlá kan wà fún irú ìwòsàn yìí, Guangdong Provincial Hospital of Chinese Medicine, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933. Ẹ lọ síbẹ̀ tàbí irú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó fún yín ní káàdì lójú títì. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sanwó kẹ́ ẹ tó rí dókítà, orí fóònù ni wọ́n sì ti sábà ń sanwó níbẹ̀, WeChat tàbí Alipay. Ẹ wá ògbufọ̀ gidi. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ní èdè wọn lè má mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ó ń ta mí láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀", bẹ́ẹ̀ gbólóhùn yẹn gan-an ni dókítà nílò.

Ẹ sọ fún oníṣègùn bẹ́ ẹ bá lóyún, bẹ́ ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, bí ẹ̀jẹ̀ yín kì í bá tètè dá. Bí wọ́n bá gún yín ní àyà tàbí ẹ̀yìn òkè tí èémí yín wá ń há, ẹ pariwo. Abẹ́rẹ́ tó jìn jù lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ kò ro ti ẹ̀yìn. Láti Èkó, bẹ́ ẹ bá gba Addis Ababa, ó lé ní wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìjókòó bàálù, láìka ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó mọ́ ọn. Ẹ máa dìde rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí ẹsẹ̀. Tramadol tí àwọn kan ń jù sẹ́nu bíi gúgúrú, oògùn tí ìjọba Ṣáínà ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni. Bí dókítà ò bá kọ ọ́ fún yín, ẹ má gbé e dé pápá ọkọ̀ òfúrufú. Èyí tí dókítà kọ, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ewé tí wọ́n fún yín ní èdè Látìn, kí dókítà yín níbí lè mọ ohun tó wà nínú ara yín kó tó fi oògùn mìíràn lé e.