Kí Oòrùn Tó Mú

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ará. A kú ewu òru.

"Wọ́n sì ń kó o ní òròòwúrọ̀, olúkúlùkù bí ìjẹ tirẹ̀, nígbà tí oòrùn sì mú, ó yọ́." Ẹ́kísódù 16:21

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ò tí ì mọ́ dáadáa tí mo ti na ọwọ́ sí fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí n kàn wo aago ni o. Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, ìṣẹ́jú 40 ti lọ. Mo ti wo ìjà tọkọtaya tí n kò mọ̀ rí, mo ti wo ajá tó ń jó, mo ti ka èébú lórí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Àtàǹpàkò ń ro mí, ọkàn mi gbẹ táútáú. N kò sì tí ì sọ pé "Olúwa, o ṣeun" lẹ́ẹ̀kan.

Mánà inú ẹsẹ yẹn, oúnjẹ tí Ọlọ́run rọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, ló wá sí mi lọ́kàn. Ọlọ́run ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé àpò ńlá wá. Ómérì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ nígbà náà, ti tó fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni wọ́n ń kó o. Kò sí ibi tí a ti kà á pé oòrùn dúró de ẹni tó pẹ́.

Ẹ má sọ pé kò sí àyè láti ka Bíbélì ní òwúrọ̀. Ẹsẹ 2 péré ni Sáàmù 117, òun ló kúrú jù nínú gbogbo orí Bíbélì. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí 31 ni Òwe ní: iye tí oṣù bá pé lónìí, ibẹ̀ ni kó ṣí. (Ẹ má tíì fi odindi Sáàmù 119 bẹ̀rẹ̀ o. Ẹsẹ 176 lè lé èèyàn padà sórí fóònù!) Ẹ ṣáà já ẹsẹ 37 níbẹ̀: "Yí ojú mi padà kúrò láti máa wo ohun asán, mú mi yè ní ọ̀nà rẹ." Àfi bíi pé onísáàmù rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Bíbélì orí fóònù dára, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: kí n tó ka ẹsẹ kejì, iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ á ti yọ lójú fóònù. Bíbélì oníwèé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi báyìí. Fóònù ń sùn ní yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, mo dúpẹ́ tí o tún jí mi. Dárí jì mí fún gbogbo òwúrọ̀ tí mo ti kí àlejò kí n tó kí ọ.

Yí ojú mi kúrò lára ohun asán. Ohun tó ń jẹ àkókò mi bí kòkòrò ṣe ń jẹ aṣọ, gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹsẹ tí mo bá kà tí kò yé mi, rán olùkọ́ sí mi, bí o ṣe rán Fílípì sí ìwẹ̀fà ará Etiópíà tó ń ka Àìsáyà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mánà tèmi ti òní kò ní yọ́ kí n tó dé ibẹ̀. Lórúkọ Jésù. Àmín.