Fóònù Tó Ń Ka Àwọ̀ Ìtọ̀

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ike pẹlẹbẹ ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, wọ́n sì lẹ àwọn ìwé kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti forúkọ oyún sílẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì á ní kẹ́ ẹ lọ tọ̀ wá, á ki èyí bọ inú ìtọ̀ náà, á fà á yọ, á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwọ̀ tó wà lára ìgò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ìwé tó ń wá purotéènì nìyí, yẹ́lò ni. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú aró kan àti èròjà kíkan, wọ́n sì ti sá a gbẹ. Tí purotéènì bá wà nínú ìtọ̀, á já háídírójìn gbà lọ́wọ́ aró náà, yẹ́lò á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé. Bí purotéènì bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ ewé náà á ṣe ki tó. Ìwé kékeré yìí jọ mí lójú gan-an, torí pé purotéènì nínú ìtọ̀ aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè jẹ́ àmì àìsàn tó lè di gìrì, tó lè pa ìyá, tó lè pa ọmọ.

Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà. Helen Free àti ọkọ rẹ̀, Alfred Free, ló ṣe èyí tó ń wá súgà, nílùú Elkhart ní Amẹ́ríkà. 1956 ló dé ọjà. Ní 2007, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, George Whitesides, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard la ojú ọ̀nà tín-ín-rín sára pépà, kí omi lè máa gbabẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi máa di 2009, ìda ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ sí i, wọ́n á wá yá a níná kí ìda náà lè yọ́ wọnú pépà. Ẹni tó bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ọgbọ́n náà: ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Ibi tí ìda bá wọ̀, ìtọ̀ ò ní gbabẹ̀. Ẹ̀kán kan péré á pín ara rẹ̀, díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ súgà, díẹ̀ sọ́dọ̀ purotéènì. Àwọn kan náà ló fi hàn ní 2008 pé èèyàn lè fi fóònù ya àwọ̀ tó jáde, kó sì fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn.

Ìmọ́lẹ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí mọ̀ pé a kì í fi iná inú ṣọ́ọ̀bù yan àwọ̀. Ìta la máa ń gbé e lọ, ká fi oòrùn wò ó. Lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn yẹ́lò, àwọ̀ ewé tó rọra yọ lè sá mọ́ wa lójú pátápátá. Fóònù tún wá ní tiẹ̀: ó máa ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe kó lè dùn ún wò. Tèmi àti tiyín lè ya ìwé kan náà, kí àwọ̀ wọn má bára mu.

Páálí ló yanjú ẹ̀. Wọ́n tẹ àwọn àwọ̀ tí fóònù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sára páálí, wọ́n á gbé ike náà lé e, wọ́n á ya méjèèjì pa pọ̀. Bí iná bá ti yí àwọ̀ páálí padà ló ti yí ti ike náà padà, fóònù á ṣírò ìyàtọ̀ náà, á sì yọ ọ́ kúrò. Irú èyí ni ilé iṣẹ́ Healthy.io ti Ísírẹ́lì gbé síta, tí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018. Lójú tèmi, páálí yẹn ṣe pàtàkì ju fóònù olówó ńlá lọ.

Fóònù tún ń bá wa ka àkókò. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni purotéènì ń fẹ́; tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, àwọ̀ á máa yí lọ.

Ẹ dé ìgò rẹ̀ pa dáadáa, torí ọ̀rinrin máa ń ba ìwé náà jẹ́. Tí àwọ̀ ewé bá sì jáde lára ìwé aboyún, ẹ má dúró ti fọ́tò: ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.