Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lórí léètì: bí a ṣe lè gbọ́ ìgbọ̀nrìrì kó tó ba iṣẹ́ jẹ́

Ẹni tó bá ti dúró rí nídìí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀bẹ ń jẹ irin lọ wẹ́rẹ́, àfi bí ọ̀pá ṣe dédé han gooro. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ wò ó: ara rẹ̀ ti rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Frederick Taylor ará Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ ní 1907 pé nínú ìṣòro oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ìgbọ̀nrìrì yìí ló fara sin jù.

Ìgbọ̀nrìrì yìí ń bọ́ ara rẹ̀ ni. Bí ọ̀pá bá mì díẹ̀, ọ̀bẹ á fi ìgbì sílẹ̀ lára irin. Bí ọ̀pá bá tún yí dé, orí ìgbì yẹn náà ni ọ̀bẹ máa gé. Tí ìgbì tuntun kò bá bá ti tẹ́lẹ̀ ṣe déédéé, ohun tí ọ̀bẹ ń gé á nípọn níhìn-ín, á fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, agbára tó ń ti ọ̀pá á máa pọ̀, á máa dín, ọ̀pá á sì túbọ̀ máa jó.

Ẹ mú ọ̀pá sítíìlì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, tó yọ mìlímítà 200 síta lẹ́nu chuck, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ tó di ọ̀pá mú. Bí ọ̀bẹ bá fi agbára 100 Newton tì í lórí, á tẹ̀ tó mìlímítà 0.16. Ẹ dá gígùn yẹn sí méjì, á tẹ̀ 0.02 péré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá ìbú rẹ̀ sí méjì, títẹ̀ náà á di ìlọ́po 16. Eléyìí ló ń dùn mí jù, torí iṣẹ́ wa gan-an ni ká máa dín ìbú kù.

Láti sọ ìgbà tí ìgbọ̀nrìrì máa dé tẹ́lẹ̀, a ó lẹ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ mímì mọ́ ọ̀pá, a ó fi òòlù kékeré lù ú, a ó ka iye ìgbà tó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ibẹ̀ la ti ń ya àwòrán tó ń sọ bí ọ̀bẹ ṣe lè wọlé jìn tó ní eré kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Àmọ́ ọ̀pá tí ẹ lù kọ́ ló wà lẹ́nu chuck mọ́ lẹ́yìn tí ọ̀bẹ ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ gan-an kò le bákan náà. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán kan ṣoṣo.

Ìdí nìyẹn tí etí fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbé maikirofóònù sí tòsí. Bí ọ̀pá bá ń yí ní ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 20 ni ní ìṣẹ́jú àáyá. Ariwo orí 20, 40, 60 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ti yíyí ẹ̀rọ ni. Bí òmíràn bá wá ń yọrí ní 335, tí 20 kò lè pín géérégé, tó sì sún mọ́ iye tí òòlù sọ, òun nìyẹn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pariwo. Nígbà yẹn irin ti bàjẹ́.

Ẹ dín jíjìn gígé kù, ẹ fi tailstock, apá ẹ̀rọ tó ń gbé orí ọ̀pá kejì dúró, ti orí ọ̀pá lẹ́yìn, tàbí kí ẹ máa yí eré ẹ̀rọ padà díẹ̀díẹ̀ kí ìgbì má baà rí ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀bẹ tí imú rẹ̀ kéré náà ń ṣèrànwọ́.

Tí ọ̀pá kan bá sì ti bàjẹ́, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ ka ojú ìgbì tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá wà láàárín 16 sí 17, ẹ fi 20, iye ìgbà tí ọ̀pá ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá, sọ ọ́ di púpọ̀: ẹ ti rí ohùn tó ń ké, láìsí maikirofóònù kankan.