Ẹgbẹ́ Ìkàwé Yorùbá fún Àwọn Ọmọ Kétu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lè ka Faransé geere, kó má sì lè kọ orúkọ ìyá rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú ẹgbẹ́ lè tún un ṣe, bí a bá mọ ibi tó ti ń dojú rú.

Ẹ wo páálí yìí. A ní kí ọmọ kọ "ẹyẹ", ó kọ "èyè". A ní kó kọ "iṣu", ó kọ "ichou". Ohun tó gbọ́ gan-an ló kọ, ọwọ́ Faransé ló kàn fi kọ ọ́. Ní Faransé, àmì orí "e" ló ń sọ bí ẹnu yóò ṣe ṣí tó. Ní tiwa, àmì ìsàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohùn ni ti òkè ń sọ. Ẹ má kọ́ wọn ní méjèèjì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s nìkan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ gbé ọkọ́ gidi wá. Ẹ kọ "ọkọ" sójú pátákó lẹ́ẹ̀mẹta láìfàmì sí i. Kí àwọn ọmọ fi imú kùn ún: ọkọ ìyàwó, re re; ọkọ́ tí a fi ń roko, re mí; ọkọ̀ tí a ń wọ̀, re dò. Ìgbà tí gbogbo wọn bá kùn ún tán ni kí ẹ tó fún wọn ní ẹfun. Bí ẹfun bá ṣáájú etí, àbá ni wọn yóò máa dá.

Ohun kan wà tó ń da àwọn olùkọ́ pàápàá rú. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Ìwé tó ń ti Nàìjíríà wọlé ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. "Ɔ̀kpá" àti "ọ̀pá", igi kan náà ni. Ẹ mú ọ̀kan fún ọdún kan gbáko, kí ẹ lẹ èkejì mọ́ ògiri.

Ọmọ 20 ti tó, àgbà 2 pẹ̀lú wọn, wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà òbí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì tú wọn ká kílẹ̀ tó ṣú. Àlọ́ ni kó ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ sí páálí, kí ọmọ kan kà á sókè: "Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Àwọn tó kù á pariwo: ọmọrogùn! Ẹgbẹ́ tó bá ń fúnni ní máàkì, tí pàṣán wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ yóò sá níbẹ̀, torí ilé-ìwé kejì ló dà lójú wọn.

Lóṣù kẹta, ẹ lè kọ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan sílẹ̀, àṣà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo aráyé. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni ín. Ìlà kan péré, kí ọmọ kà á padà sétí bàbá tó kọ ọ́ lórin. Bí bàbá bá mi orí, àmì ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.