Ẹ̀ẹ̀kejì Ló Ń Dáni Lẹ́jọ́: Ohun Tí Òfin Sọ Nípa Gbígbèjà Ara Ẹni

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí agbẹjọ́rò kan ṣe níwájú ẹgbẹ́ àwọn onílé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan nítorí ìpàdé yìí, mo kí yín o. Alága ní kí n má pẹ́ jù. Àwa lọ́yà kì í sábà mọ ìgbà tó yẹ ká jókòó, ṣùgbọ́n n ó gbìyànjú.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ẹnìkan bá ti kọ́kọ́ na ọwọ́ ìjà, ohunkóhun tó bá bá a lẹ́yìn náà, òun ló fọwọ́ fà á. Òfin ò wò ó bẹ́ẹ̀. Òfin fún ọ láyè láti gba ara rẹ lọ́wọ́ ewu. Kò fún ọ láyè láti gbẹ̀san. Ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Abala 33 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Abala kan náà ló sọ pé bí ẹnìkan bá kú níbi tí ẹlòmíràn ti ń gbèjà ara rẹ̀, tàbí tó ń gbèjà ọmọnìkejì rẹ̀, lọ́wọ́ ìwà ipá, kò tíì lòdì sí ẹ̀tọ́ yẹn, bí agbára tó lò kò bá ti kọjá èyí tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù, Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa, láti abala 286 dé 288. Àwọn ará Òkè Ọya ń lo Penal Code tiwọn.

Abala 286 ló yẹ ká dúró lé lórí. Bí ẹnìkan bá kọlù ọ́, tí kì í ṣe ìwọ lo tọ́ ọ níjà, o lè lo agbára tó máa dá a dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó lè pa á tàbí tó lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Àfi bí ìkọlù náà bá le débi pé ẹ̀rù ikú tàbí ti ọgbẹ́ ńlá bà ọ́, tí ẹ̀rù náà mọ́gbọ́n dání, tí o kò sì rí ọ̀nà mìíràn yè é. Nígbà náà, bí onítọ̀hún tilẹ̀ kú, o kò jẹ̀bi rárá. Ẹni tó bá jẹ́ pé òun gan-an ló dá ìjà sílẹ̀, ti abala 287 ni ó ń jẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ sì há: ó gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ nínú ìjà, kó ti fà sẹ́yìn débi tó lè fà sẹ́yìn dé, kó tó lè sọ pé ara òun lòun ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Lágbájá ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Tàmẹ̀dù wá gba ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ariwo lórí owó iṣẹ́. Tàmẹ̀dù fọ́ ìgò, ó mú ọrùn ìgò náà dání, ó ń bọ̀. Lágbájá wà láàárín ọkọ̀ àti ògiri, kò ríbi yà sí. Ó fa sípánà ńlá kan yọ, ó gbá a lọ́rùn ọwọ́, ìgò já bọ́. Títí débí yìí, n kò rí adájọ́ tó máa bá Lágbájá wí, bí ọrùn ọwọ́ Tàmẹ̀dù tilẹ̀ kán.

Ṣùgbọ́n inú ti ru. Tàmẹ̀dù ti lóṣòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, ó ń ké. Lágbájá tún gbé sípánà sókè, ó sọ ọ́ lé e lágbárí. Bí Tàmẹ̀dù bá kú, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba máa dì mú. Ibo ni ìgò wà nígbà náà? Ta ló dúró, ta ló lóṣòó? Kí ló dé tí o kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde? Dókítà tó yẹ òkú wò á sọ iye ojú ọgbẹ́ tó bá àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ọ̀rọ̀ dókítà sì máa ń wọ ilé ẹjọ́ létí ju omijé lọ.

Mi ò ní kí ẹ máa ronú òfin nígbà tí ìgò ń bọ̀ lójú yín. Àwọn adájọ́ náà mọ̀. Nínú ẹjọ́ Palmer, tó ti Jàmáíkà dé iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù fún Jàmáíkà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971, wọ́n sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ewu dojú kọ kò lè máa wọn agbára rẹ̀ bí ẹni ń wọn wúrà. Bí Lágbájá bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn tí ìgò bọ́ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílùú ọba á ti gbọ́ orúkọ Tony Martin. Àgbẹ̀ ni, ní Norfolk. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, olè fọ́ ilé rẹ̀ lóru, ó yìnbọn lù wọ́n. Ọmọ ọdún 16 kan kú nínú wọn, ẹ̀yìn ni ọta ti bà á. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ kò gbà pé ó ń gbèjà ara rẹ̀. Wọ́n ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére ní 2000. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún márùn-ún ní 2001, ṣùgbọ́n àìlera ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n wò mọ́ ọn lára. Ó jáde ní 2003. Àwọn ará ibẹ̀ ò tíì parí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ti olè tí a mú lójú pópó, tí a fi táyà kọ́ lọ́rùn, ni kò ní àríyànjiyàn kankan. Ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀ kì í ṣe ewu fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ẹ̀sùn olè ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá sì wà nínú wọn.

Wàyí o, àgọ́ ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àwọn aláìṣẹ̀ ti ń ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́. Ẹ̀rù á ba èèyàn, á ní òun ò sí níbẹ̀. Nígbà tó bá dé kóòtù tí àwọn ẹlẹ́rìí sì ti tò, á wá ní òun ń gba ara òun ni. O ò sí níbẹ̀, o tún ń gba ara rẹ níbẹ̀? Adájọ́ ò lè gba méjèèjì. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó wù yín. Ẹ lò ó. Bí ẹ bá sì máa sọ̀rọ̀, ẹ ti ibẹ̀rẹ̀ sọ ọ́: ta ló kọ́kọ́ dìde, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo lẹ dúró sí. "Mo gbá a ní sípánà" nìkan lórí ìwé, ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹ kò bá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ ìka.

Bàbá kan bi mí pé bí wọ́n bá bú ìyá òun ńkọ́. Èébú kì í ṣe ìkọlù, bàbá mi. Ìmúnibínú lè sọ ìpànìyàn, tó jẹ́ ẹjọ́ ikú, di ẹ̀ṣẹ̀ tó fúyẹ́ jù ú lọ, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére ṣì wà nínú ìyẹn náà. Onílé kan bèèrè nípa ìbọn. Òfin fún onílé láyè dáadáa lórí ẹni tó ń fọ́ ilé rẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n ìbọn tí kò ní láísẹ́ǹsì, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ jàre lórí olè.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ló béèrè èyí tó dùn mọ́ mi jù: ta ló máa fi ẹ̀rí hàn? Ìjọba ni, ìyá mi. Tí ẹ bá ti sọ pé ẹ gbèjà ara yín, tí ẹ sì ní ohun tó gbé e lẹ́sẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba ló máa fi hàn láìsí iyèméjì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ẹ gbé ẹni tó fara pa lọ sí ọsibítù, ẹ pe ọlọ́pàá fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ o. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀yin náà wò, kó sì kọ ọgbẹ́ tirẹ̀ àti tiyín sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.